Oúnjẹ Ló Ṣáájú Ọ̀rọ̀

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Jòhánù 21:1-17

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń di ẹrù lọ sílé bàbá yín tàbí sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní oṣù kẹjọ yìí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Èjìnrìn lọ́dún tó kọjá.

Ilé ìdílé wa wà níbẹ̀, létí ọ̀sà. Bí ẹ bá ti Ìkòròdú bọ̀, ẹ ó kọjá Ìtòìkín kí ẹ tó yà sí apá omi. Èjìnrìn dákẹ́ lóde òní, àmọ́ ọjà ńlá ni láyé àwọn bàbá ńlá wa. Àwọn Ìjẹ̀bú á ru ẹrù wá láti òkè, àwọn ará Èkó á gba orí omi wá, etí ọ̀sà yẹn ni wọ́n ti ń pàdé. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901, àti títì mọ́tò tó tẹ̀lé e, ló gba ọ̀pọ̀ ẹrù kúrò lórí omi.

Èmi àti ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan àti ìdílé tirẹ̀, la jọ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ìsinmi ni mo rò pé mò ń lọ ṣe. Mi ò mọ̀ pé Màmá ti ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi náà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò tí ì bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì. Owó ìsìnkú bàbá wa ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní mi ò dá iye tó yẹ. Èmi ní wọ́n bú mi lójú ẹbí. Èmi ajíhìnrere, tí mò ń wàásù ìdáríjì, mo ti block nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù!

Nígbà tí mo rí mọ́tò wọn lójúde, mo ní ká padà. Ìyàwó mi ní, "Dádì, àwọn ọmọ ti bọ́ bàtà o." Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, ó tán. Bí mo bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wà lẹ́yìnkùlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá jí àwa méjèèjì nìkan. Wọ́n ní ká bá àwọn lọ ra ẹja níbi tí àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀. Nígbà tí a padà dé, iná èédú ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti dá a kí a tó jáde. Màmá yan ẹja, wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́ kan ṣoṣo, wọ́n gbé e síwájú wa. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Màmá ní, "Ṣé mo bi ọ́ ní nǹkan kan? Jẹun ná."

A ń jẹun lọ, ni ẹ̀gbọ́n mi bá yọ egungun kúrò lára ẹja, wọ́n ti ibi tó lẹ́ran sí apá ọ̀dọ̀ mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yin ará, omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà tí a fọwọ́ tán ni Màmá tó ní, "Ó yá, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?" A sọ ọ́. Kò dùn mọ́ mi nínú, torí òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi: mo ṣe ìlérí owó kan, mi ò sì mú un ṣẹ. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú." Àwọn náà bẹ̀ mí nítorí èébú yẹn. Mo ṣì ń san owó náà díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ a ti ń pe ara wa.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Jòhánù 21 tó yé mi dáadáa. Òkun Tìbéríà kì í ṣe òkun iyọ̀. Omi àárín ilẹ̀ ni, gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 21. Àwọn apẹja ibẹ̀ náà ń ṣe wàhálà lóru bíi ti àwọn tiwa. Ibi méjì péré ni Májẹ̀mú Tuntun ti dárúkọ iná èédú bẹ́ẹ̀ ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́: àgbàlá tí Pétérù ti ń yáná nígbà tó sẹ́ Jésù (18:18), àti etí omi yìí tí Jésù ti yan ẹja dè é (21:9). Jésù ì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbáwí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ẹsẹ 15 jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀yìn oúnjẹ ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta fún ẹni tó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oúnjẹ yẹn ò pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó jẹ́ kí Pétérù lè jókòó gbọ́ ọ.

*Ẹ̀kọ́ fún wa:*
1. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà, kó dá iná sílẹ̀ kí ẹni tó ń retí tó dé. Ẹja Jésù ti wà lórí iná kí wọ́n tó gúnlẹ̀.
2. Ẹni tó lọ kí ẹbí, kó má lọ lọ́wọ́ òfo. Jésù ní kí wọ́n mú nínú ẹja tiwọn náà wá (ẹsẹ 10). Ẹ bá àwọn màmá fọ abọ́!
3. Ẹ má jẹun tán kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ọlidé rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ń di ìjà padà sínú báàgì lọ sílé.

*Iṣẹ́ òní:* Ta lẹ ti block? Ẹ ṣí nọ́ńbà ẹni náà kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ sì pè é wá jẹun.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tó bọ́ Pétérù kí o tó bi í léèrè, fún wa ní sùúrù láti jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ wá, àti ìgboyà láti gba ẹ̀bi tiwa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á dára fún wa o.