Ẹ yé dájọ́ ọ̀run lórí òkú olókùú

Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́. Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Ẹ̀yin oníwàásù tí ẹ ń fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà wá láti ìdájí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ewu mìíràn ti ẹnu yín jáde, ó sì ti ń wọ agboolé wa.

Ẹ wo Òkèrèwè níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Kò ṣòro láti rí agboolé tí bàbá àgbà ti ń bọ Ògún, tí ìyàwó rẹ̀ ń kírun, tí ọmọ kan jẹ́ Áńgílíkà, tí ọmọ-ọmọ sì wà ní ìjọ àtúnbí. Ẹran Iléyá kàn wọ́n, ìrẹsì Kérésìmesì kàn wọ́n. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá dé, gbàgede Ẹ̀nuwà gba gbogbo wọn. Ọjọ́ tí bàbá àgbà bá kú ni ọ̀rọ̀ ń di wàhálà. Níbi àìsùn, oníwàásù a gba maíìkì, a ní kí àwọn ọmọ má tan ara wọn jẹ, pé iná ni bàbá wọn wà báyìí. Opó wà lórí ẹní, ó ń fi ìborùn nu ojú. Àwọn àgbà á dákẹ́ nítorí àlejò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ-ọmọ kan á ti sọ pé òun kò ní dé ìdí sàréè, kí òun má baà fara kó ègún. Láti ọjọ́ náà, ẹbí ti pín sí méjì.

Ta ló rán yín níṣẹ́ yẹn? Nínú Lúùkù orí 13, ẹnì kan bi Jésù bóyá díẹ̀ ni àwọn tí a ó gbà là. Jésù kò ka iye, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló kọjú sí, ó ní kí wọ́n làkàkà kí àwọn fúnra wọn wọlé. Pétérù náà rò pé òun mọ àwọn tí Ọlọ́run lè gbà, títí ó fi dé ilé Kọ̀nílíù tí kì í ṣe Júù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10. Ojú rẹ̀ là níbẹ̀.

Ẹ má sì tan àwọn èwe pé ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú láàárín Kristẹni. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ti kọ́ni pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn ìjọ. Ìpàdé àwọn àlùfáà ní Dort, nílẹ̀ Họ́láńdì, ní 1618 sí 1619, fi lélẹ̀ pé àwọn tí Ọlọ́run ti yàn ni ikú Kristi gbà là. John Wesley, baba ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ta ko ẹ̀kọ́ náà, ó ní gbogbo ayé ni Kristi kú fún. Ní 1964, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà ní Vatican sọ pé ẹni tí kò mọ Kristi, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, lè rí ìgbàlà bó bá ń fi òótọ́ ọkàn wá Ọlọ́run. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé jà lé lórí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣé àìsùn ni ẹ fẹ́ fi parí rẹ̀?

Nílé wa níbí, ẹ bi àwọn Aládùúrà. Nígbà tí Mósè Orímọládé dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì gbàdúrà fún ogunlọ́gọ̀ ní Òkè-Ọ̀yẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, àwọn Kristẹni kan kà wọ́n sí ẹni ìta. Lónìí, àwọn ìjọ tuntun tún ń lé ọmọ Aládùúrà sí ọ̀run àpáàdì. Ẹni tó ń dájọ́ lónìí lè di ẹlẹ́jọ́ lọ́la.

Ẹ óò ní bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn á wà lọ́rùn yín. Mo gbà pé Kristi ni ọ̀nà. Ẹ wàásù rẹ̀ fún alààyè, ẹ má fi bò. Àjàyí Crowther rí ìyá rẹ̀ Àfàlá ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Abọ̀rìṣà ni ìyá náà. Àlùfáà ni ọmọ, ṣùgbọ́n kò lé e. Ó mú un sọ́dọ̀, ó tọ́jú rẹ̀. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Ìwàásù nìyẹn. Kí a dájọ́ fún òkú tí kò lè ronú pìwà dà mọ́, ìyẹn kì í ṣe ìwàásù.

Ìlú wa mọ iye tí ìyapa ń náni. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 jó ilé, ó pa ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló fà á. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ má la ogiri wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ìjọ, ẹ fòfin de ìdájọ́ òkú lórí pẹpẹ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sin òbí yín. Òfin tó ní ká bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá kò yọ òbí tó ń bọ òrìṣà sílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ bá oníwàásù sọ̀rọ̀ kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi olóògbé sínú iná lójú opó àti ọmọ, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ gba maíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.