Àpótí Ìmọ̀: Táyà Kẹta, Níbo Ló Yẹ Kó Wà?

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí kò mọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ara orúkọ Buba Marwa, ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999, ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀hún dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tí wọ́n pè ní Ape jáde ní 1948, iṣẹ́ ọwọ́ Corradino D'Ascanio tó ṣe Vespa: táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì níbi tó ti ń yà ní kọ́nà, ìwúwo ọkọ̀ á sún síwájú, á tún sún sí ẹ̀gbẹ́, síbi tí kò sí táyà tí yóò gbà á dúró. Ó lè dojú dé.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbé táyà méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ti Piaggio MP3, tó jáde ní 2006, tún yàtọ̀: táyà iwájú méjèèjì ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà bí ti ọ̀kadà. Ọ̀kadà onítáyà mẹ́ta Yamaha Niken náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oníná, bátìrì tó wúwo máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ọkọ̀ má baà tètè ṣubú.

MP3 àti Niken rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò gbé àpò gààrí sórí Niken?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ya kẹ̀kẹ́ tiyín: táyà méjì níwájú, bátìrì nísàlẹ̀, àyè èrò mẹ́ta àti ẹrù wọn.