Ṣéènì Alùpùpù Àgbẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Sí I

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fi alùpùpù kó irè oko lọ sí ọjà. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tòmátì pàápàá kò ní sùúrù. Nítorí náà, bí ṣéènì bá já ní ọ̀nà oko, kì í ṣe owó ṣéènì nìkan ni ẹ pàdánù, bí kò ṣe èrè iṣẹ́ yín. Bí ó bá sì já lórí eré, ó lè wé mọ́ irin kí táyà ẹ̀yìn dúró lójijì, kí ó sì gbé ẹni tí ń gùn ún ṣubú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe lè dènà èyí.

OHUN MẸ́TA TÍ Ń ṢIṢẸ́ PỌ̀

Irin eléyín méjì ni ṣéènì so pọ̀, àwọn ni a ń pè ní sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó kéré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí ó tóbi sì wà lára táyà ẹ̀yìn. Bí oríkèé ṣéènì ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ṣéènì ń gùn sí i, kò sì ní jókòó dáadáa sáàárín eyín mọ́. Eyín náà yóò máa jẹ, yóò sì tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun tí a gbé lé eyín tí ó ti jẹ kì í pẹ́ gbó. Àwọn mìíràn a máa gé oríkèé kúrò nínú ṣéènì tí ó ti gùn kí ó lè le. Èyí kò wo àrùn náà sàn, nítorí àwọn oríkèé tí ó kù ti jẹ bákan náà. Àwọn àgbà ní: ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ Ó TI GBÓ

1. Ẹ di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn pátápátá lára sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ó bá kúrò lára irin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi rí ju ìdajì eyín lọ, ó ti gbó.

2. Bí ṣéènì yín bá jẹ́ 428, ẹ nà án dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìṣó 21 tí ó tẹ̀ léra, láti àárín ti ìkíní dé àárín ti ìkẹyìn. Ti tuntun jẹ́ mílímítà 254. Bí ó bá ti tó 259, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

3. Ẹ wo eyín. Bí ó bá ti mú ṣóńṣó, tàbí tí ó tẹ̀ sí apá kan, ẹ má ṣe dúró dè é.

BÍ A ṢE Ń YAN TUNTUN

Ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lára ṣéènì àtijọ́. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré ni ó ń lo 428. Nọ́ńbà 4 tí ó ṣíwájú túmọ̀ sí pé ìdajì ínǹṣì ni ó wà láàárín ìṣó kan àti èkejì. Lẹ́tà H tí ó bá tẹ̀ lé e fi hàn pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti lásán lọ. Èyí dára fún ẹni tí ń ru ẹrù. Ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Ẹ ka iye oríkèé ti àtijọ́, tinú àti tòde. Ẹ má ṣe fi gígùn wé gígùn, nítorí èyí tí ó ti gbó ti gùn jù.

Ẹ ka eyín pẹ̀lú, kí ẹ sì ra iye kan náà. Bí iwájú bá jẹ́ 14, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 42, iwájú yóò yí nígbà mẹ́ta kí ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá dín eyín kan kù ní iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹ fi mẹ́ta kún ti ẹ̀yìn: agbára orí òkè yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n eré yóò dín kù, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

BÍ A ṢE Ń FI Í SÍ I

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Ó lè gé ìka.

2. Kí ẹ tó yọ ṣéènì àtijọ́, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kí ẹ sì tú bóòtù sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú díẹ̀.

3. Ẹ yọ ṣéènì àti táyà ẹ̀yìn. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì de sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun méjèèjì. Ẹ máa fún nọ́ọ̀tù tẹ̀yìn ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní títẹ̀ léra.

4. Ẹ dá táyà padà, kí ẹ tì í síwájú. Ẹ fi ṣéènì sí i, kí ẹ so ó pọ̀ lórí eyín ẹ̀yìn. Kílíìpù oríkèé ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ dà bí ẹja tí ń wẹ̀ lọ síbi tí ṣéènì ń lọ: ojú tí ó dí síwájú, ojú tí ó là sẹ́yìn. Ní apá òkè, iwájú alùpùpù ni ṣéènì ń lọ. Bí ẹ bá yí i padà, òkúta lè já a bọ́.

5. Ẹ fa táyà sẹ́yìn títí ṣéènì ìsàlẹ̀ yóò fi lè gbọ̀n sókè sódò ní àárín. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, mílímítà 20 sí 30 ni. Ìwé alùpùpù yín ni yóò sọ èyí tí ó yẹ gan-an. Ẹ yí táyà, kí ẹ sì wọn ibi tí ó le jù. Ẹrù a máa mú kí ṣéènì le sí i, nítorí náà ẹ má ṣe fà á jù.

6. Àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fún nọ́ọ̀tù ńlá le, kí ẹ dá ìṣó ìdènà rẹ̀ padà, kí ẹ sì tún bíréèkì ẹ̀yìn ṣe, nítorí táyà ti kúrò ní àyè rẹ̀ àtijọ́.

ÌTỌ́JÚ

Ṣéènì tuntun a máa gùn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́; ẹ tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi karosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ erùpẹ̀ kúrò, kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì kán ọ́ìlì jíà sí inú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná láti ọ̀nà. Ẹ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù, nítorí ọ̀rá ni yanrìn ń lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe lo ọ́ìlì dúdú tí a ti yọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Àgbẹ̀ tí ó ń pọ́n àdá rẹ̀ kí ó tó wọ oko, kò gbọdọ̀ dágunlá sí ṣéènì tí yóò gbé ìkórè rẹ̀ délé.