Nípa Àìsàn Tí A Ń Pè Ní Ìsoríkọ́

Bí ibà bá dá ẹnìkan nínú ìjọ dúbúlẹ̀, a kì í bi í léèrè bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tó kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, nígbà náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀, tàbí ọ̀tá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí fún ìlò àwọn ará ní Okokomaiko, ní Ìba àti ní Ọ̀jọ́.

Ìbànújẹ́ lásán kọ́ ni à ń sọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún. Oníṣòwò tí ó pàdánù ọjà rẹ̀ ní Alábà yóò káwọ́ lérí. A kò sì pe èyíinì ní àìsàn. Ìsoríkọ́ ni pé kí ọkàn ènìyàn wúwo lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tí ó ti ń dùn mọ́ ọn rí má dùn mọ́ ọn mọ́, kí ara rẹ̀ má ní agbára, kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, títí tí yóò fi máa rò pé ikú sàn fún òun. Ọpọlọ jẹ́ ẹ̀yà ara gẹ́gẹ́ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ti jẹ́, òun náà a sì máa ṣàìsàn. Òmíràn bá a wá láti inú ìdílé. Òmíràn ti ipa òfò, ìyà tàbí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọlé. A máa ṣe abiyamọ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá bá lọ kí ọmọ tuntun, kí wọ́n má ṣe wo ojú ọmọ nìkan.

Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ nílẹ̀ Yorùbá ni pé àìsàn yìí kì í sábà jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe lè má sọ̀rọ̀ ọkàn rárá. Yóò wí pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn kiri nínú orí òun bí èèrà, pé etí òun ń hó, pé àyà òun ń já. Ọdẹ orí ni àwọn baba wa ń pe èyí. Dókítà Makanjuola yẹ àwọn aláìsàn kan wò tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti wí pé ọdẹ orí ni ó ń ṣe wọ́n, ó sì kọ ohun tí ó rí jáde ní 1987: ìsoríkọ́ àti àníyàn ni ó wà nídìí ọ̀ràn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣáájú rẹ̀, Dókítà Thomas Adeoye Lambo àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ti wádìí kiri àwọn ìletò agbègbè Abẹ́òkúta. Nínú ìwé wọn ti 1963, wọ́n fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ wà láàárín àwọn ènìyàn, bí wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ kan pàtó fún un. Lambo yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé ní ìletò pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó fún ẹni tí ilé ti kọ̀ sílẹ̀.

Ìtọ́jú wà. Fún òmíràn, ìjókòó bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ nígbà dé ìgbà tó. Fún òmíràn, a ó fi oògùn oníhóró kún un. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan: ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ju ú nù. Òmíràn sì ju tirẹ̀ nù nígbà tí ara yá, nítorí wòlíì kan wí pé ó ti parí; kí ó tó pẹ́, àìsàn padà. Dókítà ni kí ó sọ ìgbà tí a ó dá a dúró.

A kò sọ pé kí a má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ ka I Àwọn Ọba 19: nígbà tí Èlíjà bẹ̀bẹ̀ fún ikú lábẹ́ igi, áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì pàṣẹ ààwẹ̀ fún un, ó fún un ní oúnjẹ àti omi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kí ó sùn. Láti fi ààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ àti àìsùn òru lé ẹni tí kò jẹun, tí kò sì sùn tẹ́lẹ̀, ìpalára ni.

Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti bi í léèrè gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ti èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ẹ̀rù ọlọ́pàá má ṣe dá yín dúró: òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 wí pé ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ rán ẹni tí ó gbìyànjú bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tí ọ̀ràn kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera tí ó sún mọ́ ọn, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò. Wọn lè kọ ìwé fún un sí Yábàá, níbi tí a ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ láti 1907. Kí ó má ṣe dá lọ. Kí ìbátan kan bá a lọ, kí ó sì mú orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ó ti ń lò lọ́wọ́, nítorí dókítà yóò béèrè.