Wíwa Bitcoin pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà Ilé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹnì kan lè sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ilé yín lè máa pa owó wọlé nígbà tí ẹ bá ń sùn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Bitcoin jẹ́ owó tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2009. BCEAO, tí ó ń ṣe fráǹkì CFA, kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń díje láti rí nọ́ńbà kan tí ó fara sin. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 10, ọ̀kan a rí i, ẹni tí ó ni ín a sì gba èrè. Ìyẹn ni wíwa bitcoin.

Ní 2009, kọ̀ǹpútà ilé tó iṣẹ́ yìí ṣe. Lónìí, ẹ̀rọ tí a ṣe fún un nìkan ló ń borí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà ilé dìde fi ọkọ́ bá katakata díje ni.

Ẹ mú gègé yín. Kọ̀ǹpútà kan ń jẹ 300 wáàtì:

300 × 24 = 7200, èyí ni 7,2 kWh lójúmọ́.
7,2 × 30 = 216 kWh lóṣù.

Ẹ wo iye kWh kan lórí ìwé iná SBEE yín, kí ẹ fi sọ 216 di púpọ̀. Ẹ óò san owó náà, ẹ rí bitcoin o, ẹ kò rí i o. (Ooru Parakou ní oṣù kẹta kò sì ní ṣàánú ẹ̀rọ náà!)

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín wa bitcoin, ẹ ní kí ó ṣe ìṣírò yìí lójú yín ná.

Ìbéèrè: Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń jẹ 200 wáàtì, kWh mélòó ni yóò jẹ lóṣù?