“Kò ṣí” àti “kò ṣí fún mi”

Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà bá ti ju ẹyọ kan lọ, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi ń pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, fóldà yẹn ò ṣí o.” Fóldà tí wọ́n ń sọ kì í sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ló wà, bóyá ti akọ̀wé, bóyá èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú fáìlì, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibẹ̀. Gbólóhùn náà kò lábùkù ní ti gírámà. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí wọ́n pè, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó pọ̀ tó láti tọ́ka sí ibi tí ọ̀ràn náà ti ń ṣe ni gan-an.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kékeré méjì, “fún mi”. Ẹni tó ní “fóldà ò ṣí” ń sọ pé kò ṣí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní “fóldà ò ṣí fún mi” gbà pé ó lè máa ṣí fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣí fún ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà onífóldà ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ wò: bóyá wọ́n ti pa á, bóyá ó ti sùn, bóyá okùn rẹ̀ ti yọ lára ráútà. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni kò ṣí fún, kò sẹ́ni tó máa da kọ̀ǹpútà onífóldà láàmú. Ìdí kọ̀ǹpútà ẹni yẹn ni wọ́n máa lọ jókòó sí. Ẹ̀kẹta wọn ni “kò ṣeé ṣí”, èyí tó ń sọ pé ohun náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ nípa fóldà tó kàn ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ti dẹ́rù ba ọ̀gá lásán.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń ṣini lọ́nà ni “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí”. Orí fóònù la ti mú un wá, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dátà àti ayélujára ti di ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Ní ọ́fíìsì, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni okùn tàbí Wi-Fi tó so àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé pọ̀ mọ́ ráútà. Ayélujára ni ohun tó kọjá ráútà lọ síta. Dátà lè ti tán láti àárọ̀ kí fóldà náà ṣì máa ṣí wẹ́rẹ́, nítorí pé fáìlì kò jáde kúrò nínú ilé. Òdìkejì rẹ̀ ló ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Wi-Fi ọ́fíìsì ń falẹ̀, ẹnìkan so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ hotspot fóònù, ó ń wo YouTube láìsí ìdíwọ́, ó wá ń bínú pé fóldà ò ṣí. Á ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi dáa o!” Ayélujára rẹ̀ ló dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, ó ti kúrò lórí rẹ̀. N kò sí lára àwọn tó ní ká ju ọ̀rọ̀ àyálò yìí nù. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká má fi ṣe orúkọ ohun méjì.

“Rí” àti “dé” náà ti dà pọ̀ mọ́ra wọn. “Kọ̀ǹpútà mi ò rí ti akọ̀wé” túmọ̀ sí pé orúkọ kọ̀ǹpútà akọ̀wé kò fara hàn nígbà tí a ṣí ojú ewé Network. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ń fara pamọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, Windows 11 a máa kà á sí ti ìgboro, àfi bí ẹ bá sọ fún un pé ti ilé ni. Ní ìgboro, kò ní pe orúkọ ara rẹ̀ síta, kò sì ní dá ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn lóhùn. Ẹ wọ Settings, ẹ yí i láti Public sí Private, ẹ tan network discovery àti file sharing, orúkọ sì lè yọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí kì í ṣe ohun tí a kò lè dé. Ẹ tẹ ìlà méjì tó fì sẹ́yìn, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé e lójú ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí, báyìí: \\AKOWE. Bó bá ṣí, ẹ kò rí i ni, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí kò bá ṣí, tó wá kọ 0x80070035, a jẹ́ pé ẹ kò dé, torí ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí ni pé òun ò rí ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iná wà lára ohun tó ń fa èyí. Iná lọ, iná dé, ráútà tún àdírẹ́ẹ̀sì pín, kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ 192.168.1.20 lánàá lè di 192.168.1.23 lónìí. Ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà àná ṣe ọ̀nà àbùjá sórí tábìlì kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Kọ̀ǹpútà méjì sì lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn kí wọ́n má gbọ́ra yé. Ìlànà tí Windows fi ń gbé fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ni SMB, ó sì ní oríṣi tó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó ṣe é gan-an ń pè wọ́n ní ẹ̀ka-èdè. Kọ̀ǹpútà méjèèjì á kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀ka-èdè tí wọ́n máa sọ kí fáìlì tó lè rìn. SMB1 ni àgbà inú wọn, òun náà sì ni kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó fi ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì. Bí ilé ò bá kan ilé, kì í jó àjóràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Windows 10 tuntun jáde láìní SMB1 nínú, àfi bí onílé bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí i. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà Windows XP tó ṣẹ́ kù ní igun yàrá, tàbí ẹ̀rọ aṣẹ̀dà àtijọ́ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sínú fóldà, kò fi lè bá kọ̀ǹpútà tuntun sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ dá SMB1 padà. Ẹ má gbà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Ó wá kan “mọ̀” àti “dá mọ̀”. Kọ̀ǹpútà onífóldà lè mọ̀ yín, kí orúkọ yín wà nínú ìwé rẹ̀, kó má sì dá yín mọ̀, nítorí pé ẹ ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, tí Windows tiyín sì ń gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ fún un láìsọ fún yín. Inú Credential Manager ló kó o pamọ́ sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún kọ tuntun. Àwọn mìíràn ń fi PIN ṣí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, wọ́n wá ń kọ PIN náà nígbà tí fóldà bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. PIN kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ aṣínà gidi ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, Windows kì í jẹ́ kó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé.

Wọ́n lè dá yín mọ̀, kí wọ́n gbà yín wọlé, kí wọ́n má sì gbà yín láyè. Ẹ ń ka fáìlì, ẹ kò lè kọ nǹkan sí i. “Mi ò ní àṣẹ” ni ọ̀pọ̀ máa ń wí níbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ alábòójútó ni àṣẹ wà; ìyọ̀ǹda ni tiyín. Ibi méjì ni wọ́n sì ti ń fún yín ní ìyọ̀ǹda yìí, lẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti lórí fóldà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló máa ń borí. Alábòójútó tó ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu tó gbàgbé ti orí fóldà á máa búra pé òun ti fún yín láyè.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “pín”. “Mo ti pín fóldà náà pẹ̀lú yín.” Èèbó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ohun tí Yorùbá bá pín, olúkúlùkù gba tirẹ̀ lọ: ogún, ẹran, obì. Ráútà ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló gba tirẹ̀. Fóldà yìí, ẹnì kankan ò gba tirẹ̀ lọ. Gbogbo wa la jọ ń lo ẹyọ kan náà. Fóldà àjọlò ni, bí a ti ń sọ pé àjọjẹ àti àjọgbé. “Mo ti ṣí i sílẹ̀ fún yín” tàbí “ẹ ti lè bá wa lò ó” ló bá a mu. Ẹni tó bá rò pé wọ́n pín nǹkan fún òun á rò pé ìpín tòun lòun ń tún ṣe nígbà tó bá ń pa fáìlì rẹ́. Fáìlì tí a bá sì ti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa rẹ́ kì í lọ sínú Recycle Bin ẹni tó pa á. Ó lọ nìyẹn, fún gbogbo ọ́fíìsì, àfi bí onífóldà bá ní ẹ̀dà mìíràn nípamọ́.