A Kì í Fi Fìlà Mọ Àgbà

Ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá mọ orúkọ gbogbo olórin. Ṣé ẹ mọ Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí? Ọmọ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọdún 48 ni bàbá rẹ̀, Ọba Jimoh Oyěwùmí, lò lórí ìtẹ́, láti 1973 di 2021. Ẹlòmíì ìbá fi orúkọ bàbá jẹun. Òun kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó tún kà á ní Berkeley, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àwùjọ ní Stony Brook, ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun ti kánjú parí ọ̀rọ̀: wọ́n ní níbi gbogbo láyé, ọkùnrin ló wà lókè. Oyèrónkẹ́ ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tó jáde ní 1997, ó ní ẹni tó ṣáájú ni agbo ilé Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń wò, wọn kì í wo ti akọ tàbí abo. Ìyàwó tuntun a máa pe ọmọ tó bá nílé ní ọkọ, ìbáà ṣe ọmọbìnrin. Ó ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá kó ipò fún ọkùnrin nìkan. Ní 1998, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn dá ìwé náà lọ́lá.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbà o. Nílé tiwa, àwọn ìyá ló ń gún iyán, àwọn bàbá ló ń jẹ orí ẹran. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn náà bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ti ọmọkùnrin kan ní Ìgàndò. Ó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde lọ fọ abọ́ tóun fi jẹun, torí pé obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta ata lọ́jà Ìkòtún, tó fi owó ata sanwó iléèwé rẹ̀! Mo bi í pé àṣà ta nìyẹn. Ó ní àṣà Yorùbá. Irọ́ gbuu! Àìfàgbà-fẹ́nìkan ni ò jẹ́ kí ayé ó gún. Ta ló sọ fún un pé ọkùnrin nìkan ni àgbà? Ìgbéraga ń tì í, ìkánjú ń fà á. Kò jókòó ti àgbà rí, ó ń fi àṣà búra.

Ìwọ ọmọbìnrin, má ní torí pé o kì í ṣe ọmọ ọba, ìwé gíga ò kàn ọ́. Ìwọ ọmọkùnrin, wá ìwé Oyèrónkẹ́ náà. Kà á tán pátápátá kí o tó wá bá mi jiyàn.